"Kò Sí Ẹni Tó Tíì Ṣiṣẹ́ Lórí Rẹ̀"

Gbólóhùn kan wà tó máa ń jẹ́ kí n yọ awò ojú mi sílẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá ń ka iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ èdè wa. Ìparí àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn aṣáájú ló máa ń wà: "Gẹ́gẹ́ bí ìwádìí wa ti fi hàn, kò sí ẹni tó tíì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀." Lóṣù tó kọjá, mo tún bá a pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń kọ iṣẹ́ Ph.D. lórí ìpajẹ fáwẹ̀lì nínú ẹ̀ka-èdè kan ní agbègbè Oǹdó fi orí kejì iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, pé kí n bá òun wò ó. Iṣẹ́ gidi ni o. Ọmọ náà mọ ohun tó ń ṣe. Àmọ́ gbólóhùn yẹn wà ní ojú ìwé 38, ó jókòó síbẹ̀ bí ọba.

Mo pè é lórí fóònù.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Prof."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Báwo lo ṣe mọ̀ pé kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀?"

"Mo wá a sà. Mo wá a lórí Google Scholar, mo wá a lórí JSTOR, mo tún wá a lórí AJOL. Kò sí níbẹ̀."

Kò parọ́. Ó wá a lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ yẹn, ojú mi wà lára páálí kan lórí pẹpẹ ìwé mi. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ M.A. kan wà nínú rẹ̀, lórí ẹ̀ka-èdè yẹn gan-an, lórí ìpajẹ àti àrànmọ́ fáwẹ̀lì, èdè Yorùbá sì ni wọ́n fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wà lára àwọn tó jókòó yẹ iṣẹ́ náà wò lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á wọlé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó kọ ọ́ ti di olóògbé.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fi ìwé tuntun tí mo ṣèlérí láti yẹ̀ wò sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí n yẹ irinṣẹ́ wò dípò rẹ̀: èyí tí àwọn ọmọ wa fi ń wá iṣẹ́ ìwádìí, èyí tí wọ́n fi ń tò ó, àti ìlànà tí wọ́n fi ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé arúgbó ló ń bínú sí ẹ̀rọ. Oṣù kọkànlá ọdún 2004 ni Google gbé Google Scholar jáde. Anurag Acharya àti Alex Verstak ló ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ àná kò lè mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nígbà tí èmi ń ṣe Ph.D., tí mo bá rí orúkọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìtọ́kasí ẹlòmíràn, lẹ́tà ni mo máa kọ sí ẹni tó kọ ọ́ ní òkè òkun, pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀dà kan ta mí lọ́rẹ. Tí Ọlọ́run bá ṣe é, tí ilé ìfìwéránṣẹ́ náà bá ṣe é, ẹ̀dà náà á dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Nígbà mìíràn, mo ti kọ orí tí mo fẹ́ lò ó fún tán.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni ìlà kékeré tó wà lábẹ́ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ iye iṣẹ́ tó ti tọ́ka sí i. Ìwé ìtọ́kasí máa ń mú wa lọ sẹ́yìn ni. Ìlà yìí ń mú wa bọ̀ wá síwájú. Tí ẹ bá wá gírámà tí Bámgbóṣé tẹ̀ jáde ní 1966, tí ẹ tẹ ìlà yẹn, ẹ ó rí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ìwé náà, àti àwọn tó wá bá a jà. Èrò náà kì í ṣe ti Google o. Eugene Garfield ní Philadelphia ló gbé Science Citation Index jáde ní 1964, ọ̀dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò sì ni òun náà ti rí i kọ́. Láti 1873 ni àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà ti ní ìwé Shepard, tó ń sọ fún wọn ẹjọ́ tó ti tọ́ka sí ẹjọ́.

Àmọ́ inú ìyìn yìí gan-an ni àléébù ti bẹ̀rẹ̀. Google fúnra wọn sọ pé lára ohun tí àwọn fi ń to àbájáde ni ibi tí wọ́n ti tẹ iṣẹ́ náà jáde, ẹni tó kọ ọ́, àti bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń tọ́ka sí i tó. Èyí dára fún ẹni tó ń wá ìmọ̀ nípa ààrùn ọkàn. Ẹ wá mú un wá sórí èdè Yorùbá. Iṣẹ́ tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ ní Cambridge tàbí ní Amẹ́ríkà, gbogbo ayé ló lè tọ́ka sí i. Iṣẹ́ tí a kọ ní Yorùbá, àwa tí a gbọ́ Yorùbá nìkan la lè tọ́ka sí i, àwa náà sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa tọ́ka sí ti Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè rí iṣẹ́. Nítorí náà, ti Gẹ̀ẹ́sì á wà lókè, ẹni tó wá lẹ́yìn á rí i, á tọ́ka sí i, á sì tún ga sí i. Ti Yorùbá á wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó bá tilẹ̀ wà.

Kí ni ó wá ń bọ́ sọnù? Ẹ wo àwọn àgbà wa méjì tí gbogbo yín mọ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ gírámà ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1966. Ní 1990, ó gbé Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá jáde. Ọládélé Awóbùlúyì kọ ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1978. Ní 2008, ó gbé Ẹ̀kọ́ Ìṣẹ̀dá-Ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ní 2013, Ẹ̀kọ́ Gírámà Èdè Yorùbá. Ọdún 24 ló wà láàárín ti ẹni àkọ́kọ́, ọdún 35 láàárín ti èkejì. Àwọn méjèèjì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò, wọ́n fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n rò lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ni, tí wọ́n ti jiyàn, tí irun wọn ti funfun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dúró sórí èyí tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbé fún un, ọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn ló ń dá lóhùn. Mo ti rí ẹni tó fi odidi orí kan bá ìwé 1978 jà láì ṣí ti 2013 rí. Ó dà bíi kéèyàn máa bá àwòrán jà nígbà tí ẹni tó ni ín jókòó sí pálọ̀.

Àléébù kejì kò kàn òṣèlú àti orúkọ rere rárá. Ti lẹ́tà ni, ọ̀rọ̀ ti mo lè fi gbogbo ọjọ́ sọ. Ẹ fojú inú wo lẹ́tà 'ẹ́', èyí tó ní àmì nísàlẹ̀, tó tún ní àmì ohùn lórí. Nínú ètò Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò, 'ẹ' ní nọ́ńbà tirẹ̀, 'é' náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n 'ẹ́' kò ní. Ńṣe la ó so ó pọ̀. Ẹnì kan lè mú 'ẹ', kó gbé ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè mú 'é', kó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú èmi àti ẹ̀yin, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, méjì ni, àyàfi tí ẹni tó ṣe é bá ti kọ́ ọ pé ọ̀kan ni. Ká tilẹ̀ ní ó kọ́ ọ, ẹni kẹta á tún wá tí kì í lo kíkàn, tó jẹ́ ìlà kékeré ló máa ń fà sábẹ́ lẹ́tà. Ìyẹn ò lè bá tàwọn tó kù dọ́gba láé.

Èyí tó burú jù ni àwọn iṣẹ́ tí a tẹ̀ kí Unicode tó gbilẹ̀. Oníkálukú ló ní fọ́ǹtì tirẹ̀ nígbà yẹn. Tí ẹ bá wò ó lójú ìwé, ó dára, ó gún régé. Tí ẹ bá dà á kọ síbòmíràn, wúruwùru ni. Èyí tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ yà láti inú ìwé àtijọ́, mo ti rí ibi tí 'ọ̀rọ̀' ti di '9r9'. Ta ló máa jókòó, táá tẹ '9r9' sínú Google? Ẹni tó bá wá fi ìbínú pa gbogbo àmì tì, tó tẹ 'oro ise', á bá iṣẹ́, ìṣe àti ìṣẹ́ pàdé lójú kan náà. (Ìṣẹ́ ló máa ń bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ìyẹn kọ́ la wá sọ.)

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn aṣáájú wa ti ṣe tiwọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣe èdè-ìperí Yorùbá. Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní ní 1984, Awóbùlúyì ṣe ti apá kejì ní 1990. Fóníìmù, àrànmọ́, ìpajẹ, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo bi akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa léèrè: "Ṣé o tẹ 'ìpajẹ fáwẹ̀lì' síbẹ̀?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Rárá sà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi wá a." Ẹ gbọ́ o. Iṣẹ́ lórí èdè Yorùbá, tí ọmọ Yorùbá ń ṣe, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì wá gbogbo rẹ̀.

Kí n má ba tirẹ̀ jẹ́ jù: ká ní ó fi Yorùbá wá a, kò ní rí iṣẹ́ M.A. yẹn síbẹ̀síbẹ̀. Kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. AJOL tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Gúúsù Áfíríkà, ti ṣe gudugudu méje fún jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n jọ́nà tí àwọn olótùú rẹ̀ bá gbé lọ síbẹ̀ nìkan ló lè gbà. Àwọn ẹ̀dà Láàńgbàsà ti Yunifásítì Èkó tí mo ní, orí pẹpẹ ìwé mi ni mo ti ń kà wọ́n. Ti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ni ká má tilẹ̀ sọ. Mo mọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan tí ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ pẹpẹ tán, tó jẹ́ pé àwọn tí orúkọ bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ láti T títí dé Y ló bá a lọ.

Ẹ̀rọ kì í sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí mo ti ń bá a jà gan-an nìyẹn. Tó bá sọ pé òun kò rí nǹkan kan, ohun tó ń sọ ni pé kò sí nínú ohun tí òun ní. Ọmọ wa á wá túmọ̀ rẹ̀ sí "kò sí". Láàárín gbólóhùn méjèèjì yìí ni odidi ọdún méjì nínú ayé èèyàn kan ti sọnù.

Lórí títo ìwé, n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Zotero ni mo máa ń gba àwọn ọmọ níyànjú láti lò. Láti 2006 ló ti jáde ní Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára ju káàdì inú páálí bàtà tí èmi lò fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi sínú rẹ̀ lẹ ó bá níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kó gbogbo ìwé mi sí i, mo ní Bámgbóṣé mẹ́ta: ọ̀kan kò lámì rárá, ọ̀kan ní àmì lábẹ́ ṣ nìkan, ọ̀kan lámì pé. Ọkùnrin kan ṣoṣo, ilé mẹ́ta! Ẹ yan ọ̀nà kan tí ẹ ó máa gbà kọ orúkọ, kí ẹ sì dúró tì í. Èèyàn á ní ohun kékeré ni, títí tó fi máa wá ìwé kan lóru ọjọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ti kíkà ló kù. Àwọn ọmọ wa ń pín àpilẹ̀kọ kan kiri tí S. Keshav ti Yunifásítì Waterloo ní Kánádà kọ ní 2007, lórí bí a ṣe ń ka iṣẹ́ ìwádìí. Ó ní ká kà á nígbà mẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá: àkọlé, àṣamọ̀, ìfáàrà, àkọlé kéékèèké, ìgúnlẹ̀, ká fojú fò wo ìtọ́kasí. Nígbà kejì, ká kà á dáadáa, ká fi àlàyé tó le sílẹ̀. Nígbà kẹta, ká fẹ́rẹ̀ẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe lọ́kàn ara wa. Ìmọ̀ràn tó mọ́gbọ́n dání ni, pàápàá fún ẹni tí àpilẹ̀kọ ọgọ́rùn-ún wà níwájú rẹ̀. Ẹjọ́ Keshav kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ń dúró sí ìgbà àkọ́kọ́, tí wọ́n á sì lọ tọ́ka sí i bí ẹni tó kà á tán.

Àmọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni Keshav, ìmọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló sì ń sọ. Nínú tiwa, ibi tí ó ní ká fò ni ọkàn ọ̀rọ̀ wà: àwọn gbólóhùn àpẹẹrẹ. Èmi kì í ka àṣamọ̀ ṣáájú. Àpẹẹrẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ kà, mo máa ń kà á sókè ketekete, tí ìyàwó mi á fi bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí. Àkọtọ́ wa sábà máa ń kọ "Ọmọ lọ". Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, a kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Ọmọ ọ́ lọ" là ń sọ. Sílébù olóhùn òkè kan wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ fi "yóò" tàbí "kò" síbẹ̀, á pòórá. Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì kò fẹnu kò lórí ohun tó jẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ní àmì ìbáramu olùwà ni, èkejì ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ lè wà lẹ́yìn èyí tó wù yín. Ṣùgbọ́n mo ti ka àpilẹ̀kọ kan, nínú jọ́nà tó lórúkọ, tí ẹni tó kọ ọ́ mú "Ọmọ lọ" bó ṣe wà nínú ìwé, tó sì fi ṣe ẹ̀rí pé kò sí ohun kankan láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá. Àṣamọ̀ rẹ̀ dùn bí oyin. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò fún jọ́nà kò rí i. Ọmọ ọdún márùn-ún ní Ìsẹ́yìn ì bá rí i.

Kí ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, mo fa ọ̀rọ̀ kan yọ, mo ní Àjàyí Crowther ló sọ ọ́ nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1852. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo tó fojú ara mi rí ìwé náà. Kì í ṣe Crowther ló sọ ọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Vidal, tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé náà, ló ni ín. Mo ti dà á kọ láti inú ìwé ẹlòmíràn tó ti ṣìnà, àwọn méjì mìíràn sì ti dà á kọ láti inú tèmi. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì. Ọ̀kan dáhùn.

Ẹ̀bi tèmi sì tún wà nínú ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Tí iṣẹ́ M.A. yẹn kò bá sí níbi tí ọmọ yẹn ti lè rí i, ta ló gbé e sínú páálí? Ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gírámà. Ìsinmi gígùn méjì ló fi gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ onídùúró-sí-bátìrì lọ sí abúlé mẹ́rin. Ó kọ ọjọ́ orí ẹni tó sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tàìpùráítà rẹ̀ kò ní àmì ohùn, ó wá fi bírò fi ohùn sórí gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ojú ìwé 1 dé 147. Mo fún un ní máàkì tó dára, mo gbọn ọwọ́ rẹ̀, mo gbé ẹ̀dà tèmi lọ sílé. Ó tán.

Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà wá sílé. Ó jókòó sí yàrá ìkàwé mi láti aago mẹ́wàá títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tó rí níbẹ̀ ju èyí tí mo rò lọ. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọ̀dọ́ abúlé yẹn ti ń pa fáwẹ̀lì kìíní jẹ lónìí, fáwẹ̀lì kejì ni àwọn arúgbó inú iṣẹ́ yẹn ń pa jẹ. Òun ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ tirẹ̀ pé bí ẹ̀ka-èdè náà ṣe rí nìyẹn. Ní báyìí, ó ti rí i pé ó yí padà, ó sì mọ nǹkan bí ìgbà tó yí padà. Bí ó ṣe ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, ó ní, "Prof, mo máa yọ gbólóhùn yẹn kúrò sà." Mo ní kó má yọ ọ́. Kó kọ pé òun kò rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wá kọ ibi tó ti rí i.

Ìyàwó olóògbé ti fọwọ́ sí i pé ká gbé iṣẹ́ náà jáde fún aráyé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló sì ń bá wa fi ẹ̀rọ yà á. Ó ku ohun kan. Ojú ìwé 61 àti 62 kò sí nínú ẹ̀dà tèmi, ibẹ̀ gan-an sì ni àtẹ àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ṣe M.A. pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tí mò ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú páálí yín.